Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Àgùdà ní Ọbalẹ́ńdé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtàn àti Àṣà Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Gregory

Ọ̀rọ̀ tí mo dìde láti sọ ní ìrọ̀lẹ́ òní kò ti inú ìwé bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan nínú ìjọ wa ní Ajah níhìn-ín ni ó dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn àṣálẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá ọmọ náà sì ti pinnu pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà ni yóò lọ. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, "Baba, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ mi bá dé ibẹ̀, ṣé wọn kò ní sọ ọ́ di ẹlòmíràn mọ́ mi lọ́wọ́?" Mo dá a lóhùn ní kúkúrú, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ìdáhùn mi kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn. Ẹni tí a bá bi léèrè nípa ilé aládùúgbò, kò yẹ kí ó máa ti ẹ̀yìn ọgbà dáhùn.

Nítorí náà ni mo ṣe lọ wádìí ìtàn ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọnnì, èyíinì ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Gregory ní Ọbalẹ́ńdé. Òtítọ́ ni pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní Lẹ́kí, ní ẹnu ọ̀nà wa, tí ẹ̀kọ́ ìsìn wọn jẹ́ ti Àgùdà, bí Whitesands fún àwọn ọmọkùnrin àti Lagoon fún àwọn ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n ọmọ àná ni wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìwà ìdílé kan, ọ̀dọ̀ àgbà ilé ni yóò kọ́kọ́ yà sí.

Ọbalẹ́ńdé kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ajah, tí ó gba Lẹ́kí kọjá, tí ó la Victoria Island já, tí ó sì gun afárá Falomo, kò ní pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá jẹ́ kí ó rìn. Àwọn bàbá wa kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kí a tó la ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ojú ọ̀sà ni ọ̀nà wọn. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń fi ẹja àti àgbọn kó dé Èkó. Ní ti orúkọ Ọbalẹ́ńdé, àwọn àgbà a máa sọ pé ọba ni ó lé àwọn ènìyàn dé ibẹ̀ nígbà tí a gba ilẹ̀ wọn ní ibòmíràn. Ẹ fi orúkọ náà sọ́kàn, nítorí pé ìtàn àwọn ènìyàn tí a lé kúrò ní ilé wọn ni èmi yóò máa sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni a ń pè ní Àgùdà? Lónìí, gbogbo ẹni tí ó bá ń ṣe ìsìn ti Róòmù ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àtètèkọ́ṣe, orúkọ àwọn ènìyàn kan ni, kì í ṣe orúkọ ìsìn. Àwọn ni ẹrú àti ọmọ ẹrú tí wọ́n padà wá láti Bràsíìlì àti Kúbà sí etí òkun wa. Láti ìgbà tí àwọn ẹrú ti dìtẹ̀ ní Bahia ní ọdún 1835 ni wọ́n ti ń padà bọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, títí di ìgbà tí Bràsíìlì fi òpin sí oko ẹrú pátápátá ní ọdún 1888, àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Èkó, ní àyíká Campos. Orúkọ tí wọ́n gbà ní oko ẹrú ni wọ́n ń jẹ́ lọ, da Silva, Pereira, da Rocha, Cardoso, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ṣì mọ ìlú Yorùbá tí a ti kó bàbá wọn. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n: mẹ́sọ̀n, káfíńtà, télọ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ ilé alájà tí ó ní òdòdó lára ògiri tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí àṣẹ́kù rẹ̀ ní Èkó. Bí ẹ bá sì ti jẹ fùréjọ́ọ̀nù rí ní ọjọ́ Jímọ̀ Olóyè, ẹ̀wà tí a lọ̀ tí a fi omi àgbọn sè, oúnjẹ wọn ni ẹ jẹ.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn wọn ni èyí: wọ́n ní ìjọ kí wọ́n tó ní àlùfáà. Bàbá kan wà láàrín wọn tí a ń pè ní Pa Antonio, ẹni tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn onísìn ní Bahia kọ́ àdúrà kí ó tó di òmìnira. Kò sí ẹni tí ó gbé ọwọ́ lé e lórí, kò sì gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ni ó ń kó àwọn ènìyàn náà jọ ní ọjọ́ Ìsinmi nínú ilé ìsìn kékeré kan tí wọ́n fi oparun kọ́; òun ni ó ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn, tí ó ń gbàdúrà sí òkú wọn lórí. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero, ará Ítálì, ẹni ẹgbẹ́ àwọn Fadá tí a ń pè ní SMA, dé Èkó ní ọdún 1863, ìjọ ni ó bá níbẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1868 ni ẹgbẹ́ náà tó ní Fadá tí ń gbé Èkó.

Ẹgbẹ́ SMA yìí, ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ni Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1856. Òun fúnra rẹ̀ dé Freetown ní oṣù May ọdún 1859. Kí oṣù June tó parí, ibà ti pa á pẹ̀lú àwọn tí ó bá a wá. Nínú oṣù June ọdún 1859 kan náà, ní ọjọ́ kẹfà, ni a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ girama ti CMS ní Èkó pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà, tí Thomas Babington Macaulay, àna Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, jẹ́ olórí rẹ̀. Nígbà tí tiwa ń wọlé, tiwọn ń sin òkú. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn kan láàrín wa tí ń sọ pé àwọn Àgùdà kò bìkítà fún ìwé ní ìgbà àtijọ́.

Ìṣòro tí ó dé bá wọn nípa ìwé kì í ṣe ti àìbìkítà. Èdè ni. Àwọn Fadá àkọ́kọ́, Faransé ni èdè wọn. Àwọn ọmọ Pópó Àgùdà, Potogí ni wọ́n ń sọ nínú ilé, a sì fi í kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìjọba tí ó gba Èkó ní ọdún 1861, Gẹ̀ẹ́sì ni tirẹ̀. Nígbà tí ó sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ ní ọdún 1882 tí ó sọ bí owó ìrànlọ́wọ́ yóò ṣe máa dé ọwọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fẹ́ kí a fi kọ́ ọmọ. Ẹ rò ó wò: olùkọ́ ń ronú ní Faransé, ọmọ ń dáhùn ní Potogí, ìyá rẹ̀ ń pè é ní Yorùbá, ìwé-ẹ̀rí sì ń béèrè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Sàró tí wọ́n dá ìjọ tiwa sílẹ̀ kò ní irú wàhálà yìí, nítorí pé Freetown ti fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó dé. Nígbà tí àwọn Fadá láti Áyálándì wá ń pọ̀ sí i ní Èkó ni ìdè yìí tú.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn ti wà ní Èkó nígbà náà. Yàtọ̀ sí ti CMS, àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti ní tiwọn láti ọdún 1878, ìjọba sì ti dá King's College sílẹ̀ ní ọdún 1909. Ní ọdún 1928 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Gregory tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni àwa àti àwọn Mẹ́tọ́díìsì pa owó pọ̀ dá Igbobi College sílẹ̀.

Wàyí o, mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa gan-an. Ta ni Gregory? Ọmọ ọlọ́lá ní Róòmù ni, a bí i ní nǹkan bí ọdún 540. Ó ti ṣe olórí ìlú Róòmù kí ó tó fi oyè ayé sílẹ̀, tí ó sọ ilé bàbá rẹ̀ di ilé àwọn mọ́ńkì, èyíinì ni àwọn tí wọ́n fi ara wọn jìn fún àdúrà. Ní ọdún 590 ni a fi í jẹ Póòpù. Bede, akọ̀wé-ìtàn ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ bí àwọn baba rẹ̀ ti máa ń pa á ní ìtàn pé Gregory ń kọjá nínú ọjà Róòmù lọ́jọ́ kan, ó sì rí àwọn ọmọkùnrin tí a kó wá tà, funfun ni ara wọn, irun wọn sì dára. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Wọ́n ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, wọn kò sì mọ Kristi. Àánú wọn kò kúrò ní ọkàn rẹ̀ mọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn lè ní ìtàn àwọn arúgbó ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà tí Gregory fúnra rẹ̀ kọ ní ọdún 595 sí àlùfáà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Candidus, ẹni tí ń lọ mójú tó ilẹ̀ ìjọ ní ibi tí a ń pè ní ilẹ̀ Faransé nísinsìnyí. Ó pàṣẹ fún un pé kí ó mú nínú owó ilẹ̀ náà, kí ó fi ra àwọn ọmọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tó ọmọ ọdún 17 tàbí 18, kí a lè tọ́ wọn dàgbà fún Ọlọ́run nínú ilé àwọn mọ́ńkì. Ẹ gbọ́ ọ dáradára. Òyìnbó tí ó wá jọba lé wa lórí, tí ó wá kọ́ wa ní ABD, a ti ta ọmọ tirẹ̀ rí lọ́jà, ẹni kan sì ti fi owó ra á padà kí ó lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn lẹ́tà náà, ní 597, ni Augustine àti àwọn mọ́ńkì tí Gregory rán gúnlẹ̀ sí Kent. Ẹ̀rù ti bà wọ́n lójú ọ̀nà, wọ́n tilẹ̀ fẹ́ padà sílé. Gregory ni ó kọ̀wé pé kí wọ́n tẹ̀síwájú. Augustine yìí ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà kìíní ní Canterbury, ìjókòó tí a ti máa ń rán àwọn bíṣọ́ọ̀bù sí wa nígbà kan rí, láti ìgbà Crowther.

Nítorí náà, ọmọ ìjọ wa tí ó bá wọ ẹnubodè tí a kọ orúkọ Gregory sí, kò wọ ilé àjèjì. Orúkọ náà wà nínú kàlẹ́ńdà Ìwé Àdúrà wa ti ọdún 1662, ní ọjọ́ 12 oṣù March, ọjọ́ tí ó kú ní ọdún 604. Àwọn Àgùdà pàápàá ti ṣí ọjọ́ náà kúrò láti ọdún 1969, nítorí pé inú Lẹ́ǹtì ni ó máa ń bọ́ sí. Ọjọ́ 3 oṣù September ni wọ́n ń ṣe é báyìí. Gregory fẹ́ràn láti máa pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ Látíìnì tí ó lò níbẹ̀, ìránṣẹ́ ni ó túmọ̀ sí, ẹrú náà sì ni. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn arúgbó Pópó Àgùdà, tí àpá ẹgba ṣì wà ní ẹ̀yìn bàbá wọn, ó dá mi lójú pé wọn kò ní béèrè àlàyé.

Ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà, Látíìnì ni pẹ̀lú: Pro Fide et Scientia, fún ìgbàgbọ́ àti fún ìmọ̀. Ìgbàgbọ́ ni ó ṣáájú. Èyí ni ó mú mi dé orí àṣà wọn, tí obìnrin ọjọ́sí ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà, aago ni ó ń jọba. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, aago méjìlá ọ̀sán àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àṣà wọn ni láti lu agogo fún àdúrà tí wọ́n ń pè ní Angelus, èyí tí ń rántí bí áńgẹ́lì ti mú ìròyìn tọ Màríà wá, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí kìíní. Ọmọ tí ń ta bọ́ọ̀lù a dúró. Olùkọ́ tí ó gbé ẹfun sókè a sọ ọ́ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì kò ní pé, bọ́ọ̀lù a sì tún máa lọ. Oṣù May ni ti Màríà, oṣù October ni ti Rosary. Ní Ọjọ́rú Eléérú a fi eérú sí iwájú orí olúkúlùkù, olórí ilé-ẹ̀kọ́ àti ọmọ tí ó kéré jù, láìsí ìyàtọ̀. Míísà wà, ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìjọ wọn kò sì ní gba Ara Olúwa níbẹ̀. Katikísìmù wà, a sì ń kọ́ ọ sórí bí a ti ń kọ́ ìsirò.

Èmi kò ní tan yín jẹ. Ohun wà nínú wọ̀nyí tí ìjọ wa kò fi ọwọ́ sí, mo sì lè jókòó pẹ̀lú ẹnikẹ́ni kí n ṣe àlàyé rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó wà pé ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò gbé ọmọ mì, ìtàn kò fi hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ wo mẹ́ta nínú àwọn ọmọ tí ó jáde níbẹ̀. Ọ̀kan ni Anthony Olubunmi Okogie, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1936; ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Èkó ní ọdún 1973, ó sì di Kádínà ní ọdún 2003. Èyí kò yani lẹ́nu. Èkejì ni Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, Aláàfin Ọ̀yọ́, ẹni tí ó wàjà ní ọdún 2022 lẹ́yìn tí ó ti lo ju ọdún 50 lórí ìtẹ́. Mùsùlùmí ni ó wọ ibẹ̀, Mùsùlùmí ni ó jáde, àlùfáà Ìmàle ni ó sì kírun sí i lára nígbà tí ó wàjà. Ẹ̀kẹta ni Victor Uwaifo, ọmọ Ẹdó, tí ń fi gìtá ṣe bí ẹni ń fi àdó ṣeré, tí orin Joromi rẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀ yìí kan ní àwọn ọdún 1960. Kádínà kan, Aláàfin kan, olórin kan: bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ ọ̀lọ tí ń lọ ọmọ di ìyẹ̀fun kan náà, àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kò bá ti jọra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọdún 1963 sí 1980, ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ ni Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Áfíríkà tí òkìkí wọn kàn jù. Òun ni ó ya àwòrán ìrìn Olúwa wa lọ sí Kalfari sí ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul ní Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ẹ lọ wò ó bí ẹ bá ráyè. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀, aṣọ wa ni wọ́n wọ̀, ojú wa ni ojú wọn. Mo ti dúró níwájú rẹ̀ rí fún nǹkan bí wákàtí kan, èmi tí mo ti wàásù lórí ìtàn yẹn ju ìgbà ogún lọ, ó sì dà bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ rí.

Àwọn ọmọbìnrin náà ní tiwọn. Ní ọdún 1945 ni àwọn Sístà ti Holy Child dá Holy Child College sílẹ̀ ní ìtòsí St. Gregory, tí ó fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ìdílé Èkó, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin a yà sí ẹnubodè kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin a sì yà sí èkejì.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun èmi pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ sí gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ káàkiri ilẹ̀ yìí. Kò mọ Àgùdà, kò mọ Áńgílíkà. A gba tiwọn, a gba tiwa. Nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè di Gómìnà Èkó ní oṣù October ọdún 1979, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. N kò ní sọ̀rọ̀ ọkùnrin náà láìdára. Kí ó tó dé, àwọn ọmọ kan ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀, àwọn mìíràn ń lọ ní ọ̀sán, nítorí pé yàrá kò tó. Òun ni ó kọ́ yàrá kíákíá títí ti ọ̀sán fi parẹ́. Ọmọ ẹlẹ́ja Ajah tí kì bá má mọ ìwé rárá, ó mọ̀ ọ́n ní àkókò rẹ̀.

Èmi pẹ̀lú jẹ nínú ọ̀fẹ́ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ, ìjọ kan ni ó kọ́ ọ, ìjọba sì ti gbà á kí n tó wọlé. A pọ̀ nínú yàrá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ń jókòó lórí búlọ́ọ̀kù. Ilé ìsìn wà nínú ọgbà náà, pẹ̀lú fèrèsé aláràbarà. Àga tí ó kán ni wọ́n kó kún inú rẹ̀ dé òrùlé. Orúkọ ẹni mímọ́ ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà, aṣọ wa ṣì ní àgbélébùú ní àpò àyà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún wa ẹni tí ẹni mímọ́ náà í ṣe. Olùkọ́ arúgbó kan nìkan ni ó kù láti ìgbà àtijọ́. Ní aago méjìlá, òun nìkan a dákẹ́, a di ojú rẹ̀, ètè rẹ̀ a sì máa mì. Àwa ọmọ rò pé àìsàn ni. Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ìsìn, kí n tó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ní oṣù March ọdún 1980, ìjọba Èkó tún fi ìwé ránṣẹ́ pé láti oṣù September ọdún náà, kò ní sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni mọ́. Ẹni tí ó dìde ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie, ọmọ St. Gregory àtijọ́. Ilé-ẹjọ́ ni ó lọ, òun àti àwọn mìíràn. Òfin-ìpìlẹ̀ ti ọdún 1979 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ní ohun tí yóò fi máa tan ìmọ̀ àti èrò kálẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn adájọ́ ni pé, ṣé ilé-ẹ̀kọ́ wà lára irú ohun bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní ó wà lára rẹ̀. Ẹjọ́ náà, Okogie àti Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń kà títí di òní. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ẹ ń rí ní ọ̀nà Lẹ́kí, láti orí ti olówó gọbọi dé èyí tí a fi páànù bò, abẹ́ òjìji ìdájọ́ yẹn ni wọ́n jókòó sí, àwọn tí ó ni wọ́n ìbáà mọ̀ ọ́n, wọn ìbáà má mọ̀ ọ́n.

Ìdájọ́ náà kò dá ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti gbà padà. Ìyẹn di ọdún 2001, ní àkókò Gómìnà Bọ́lá Tinúbú, nígbà tí ìjọba Èkó dá ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ padà fún àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀. St. Gregory wà lára wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ti CMS, tí ó ti kúrò ní Èkó lọ sí Bàrígà, wà lára wọn. A yọ̀ lọ́jọ́ náà nínú ìjọ wa, àwọn Àgùdà náà yọ̀. Agogo tún bẹ̀rẹ̀ sí dún.

Ṣùgbọ́n owó ilé-ẹ̀kọ́ bá agogo náà dé. Ìjọba kò san owó olùkọ́ fún ìjọ mọ́, òrùlé ń jò, ògiri ti là, ìjọ kò sì ní ibi tí yóò ti rí owó bí kò ṣe ọwọ́ òbí. Ọmọ tí ó ti wà níbẹ̀ ní ọ̀fẹ́, tí òbí rẹ̀ kò lè san án, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ó kù fún un. Mo mọ̀ pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó rọrùn. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti inú ìjọ ìran ẹrú jáde, tí ó ń jẹ́ orúkọ ẹni tí ó fi owó ìjọ ra ọmọ kúrò lọ́jà, tí ọmọ ẹlẹ́ja Ajah kò wá lè wọ̀ nítorí owó, ohun kan wọ́ níbẹ̀. Kí a má sì nawọ́ sí aládùúgbò nìkan. Ẹ lọ béèrè iye tí a ń gbà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tiwa. Gregory kò ní kí Candidus dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ náà bá rí owó. Nínú owó ilẹ̀ ìjọ ni ó ní kí ó mú. Ìjọ wa ní ilẹ̀ ní ọ̀nà Lẹ́kí yìí, ilẹ̀ náà sì ti di owó ńlá. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ lẹ́ẹ̀mejì, èmi yóò sì tún gbé e síwájú wọn.

Ní ti obìnrin wa, mo padà lọ bá a nílé. Mo sọ fún un pé kí ó lọ rí olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà kí ó tó san owó, kí ó wí fún un ní gbangba pé ọmọ Áńgílíkà ni ọmọ òun, kí ó sì béèrè ohun tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkókò Míísà àti ohun tí wọn kò ní béèrè. Mo ní kí ó má ṣe kọ́ ọmọ náà láti fi agogo ọ̀sán ṣẹ̀sín. Bí àwọn yòókù bá dúró, kí ó dúró. Bí kò bá mọ àdúrà tí wọ́n ń gbà, ó mọ Àdúrà Olúwa. Ó béèrè bóyá n óò máa rí ọmọ náà. Mo ní bí ó bá wá sílé ní ìsinmi, kí ó máa wá bá mi ní ọjọ́ Sátidé, n óò máa kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìmúdúró.

Ọmọ náà jókòó tì wá ní gbogbo àkókò yìí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dìde, ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Mo ní òótọ́ ni. Mo sì fún un ní Ìwé Àdúrà àtijọ́ tí mo lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo fi okùn sí ojú ewé kàlẹ́ńdà rẹ̀, ní oṣù March.